Lẹ́tà Kan Tó Wọ Omi Lójú Mi

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ìjọ wa, ẹ ní kí n sọ iṣẹ́ ayé mi fún yín, ó dáa, ẹ jókòó. Mo mọ̀ pé ẹ̀ ń bi ara yín léèrè iṣẹ́ tí ẹ máa ṣe nílẹ̀ yìí, ṣé yunifásítì ni, àbí ilé iṣẹ́ bíi ti àwọn bàbá yín. Mi ò lè bá yín yan ìkankan. Èmi Ìyá Tòmíwá tí ẹ ń wò yìí, bébà àtijọ́ ni mo fi ayé mi tún ṣe ní Torino nílẹ̀ Ítálì yìí, títí mo fi fẹ̀yìn tì lọ́dún tó kọjá. Bí ẹ bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ rín in tán ká tó bẹ̀rẹ̀. Pásítọ̀ pàápàá rò fún ọdún mẹ́ta gbáko pé ìwé ni mò ń tà.

Mosúnmọ́lá lorúkọ mi, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí. Ọkọ mi ló kọ́kọ́ dé, ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ẹ̀yà ara ọkọ̀ ló wà. Nígbà tí èmi náà dé, Tòmíwá ṣì wà lẹ́yìn mi, iṣẹ́ ilẹ̀ gbígbá ni mo rí. Ọ̀dọ̀ obìnrin kan tó ń jẹ́ Signora Ornella ni, tó ní bottega, ìyẹn ṣọ́ọ̀bù iṣẹ́ ọwọ́, nítòsí odò Po. Owó oṣù kéré, mo gbà á, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ kò jọ iṣẹ́ lójú mi rárá. Àwọn èèyàn á gbé ìwé ilẹ̀, ìwé ìrìbọmi, lẹ́tà àtọdúnmọ́dún wá, èyí tí kòkòrò ti jẹ, èyí tí omi ti bà jẹ́. Signora Ornella á jókòó tì í pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì, wọ́n á fi bébà kan tó fẹ́lẹ́ bí awọ àlùbọ́sà di ojú ihò. Wọ́n lè fi ọjọ́ mẹ́rin tún ojú ewé kan ṣe. Mo ń gbálẹ̀, mo ń wò wọ́n, mo ń sọ nínú ara mi pé, àwọn òyìnbó yìí ò ní nǹkan ṣe.

Lẹ́ẹ̀ ló sọ mí dọmọ iṣẹ́. Lẹ́ẹ̀ ìyẹ̀fun àlìkámà ni wọ́n fi ń lẹ bébà náà, orí iná ni wọ́n ti ń sè é. Lọ́jọ́ kan mo rí i tí Signora ń rò ó, tó ń ṣe kókó. Ọwọ́ ń yún mi, ṣùgbọ́n ta ni mí tí màá sọ fún ọ̀gá mi pé kò mọ lẹ́ẹ̀ rò? Nígbà tó yá, fóònù dún, wọ́n sáré lọ gbé e. Mo ju ìgbálẹ̀ sílẹ̀, mo gbá ọmọorógùn mú. Ọmọ ọdún méje ni mo ti ń ro ògì fún gbogbo ilé wa, kí ni lẹ́ẹ̀ fẹ́ fi ṣe mí? Kí Signora tó dé, ó ti dán gbinrin, kò sí kókó kan nínú rẹ̀.

Wọ́n dúró, wọ́n wò ó, wọ́n fi ìka kan tọ́ ọ.

"Ta ló kọ́ ẹ?"

"Ìyá mi, Signora."

Nígbà tí mo dé láàárọ̀ ọjọ́ kejì, épírọ́ọ̀nù funfun kan wà lórí ìkọ́ tí mo máa ń fi kóòtù mi kọ́. Wọ́n ti kọ "Mola" sí i, torí ahọ́n wọn ò lè gbé Mosúnmọ́lá.

Ẹ má rò pé ìgbádùn bẹ̀rẹ̀ nìyẹn o. Oṣù mẹ́jọ gbáko, lẹ́ẹ̀ ni mò ń sè, bébà tí kò ní nǹkan kan lára ni mò ń gé. Mi ò gbọdọ̀ fi ìpara pa ọwọ́, bẹ́ẹ̀ òtútù Torino ń la ọwọ́ mi bí ilẹ̀ ọ̀gbẹlẹ̀. Mi ò gbọdọ̀ da èékánná sí. Bí ìwé bá tutù lórí tábìlì, a ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀. Nígbà tí wọ́n wá fún mi ní ojú ewé àkọ́kọ́ láti tún ṣe, mo fi ọ̀sẹ̀ kan ṣe é, inú mi dùn, mo gbé e fún wọn. Wọ́n gbé e síwájú iná, wọ́n wò ó, wọ́n tún bu omi sí i, wọ́n ṣí gbogbo ohun tí mo lẹ̀. "Tún un ṣe." Wọn kì í pariwo. Wọn ì bá tiẹ̀ pariwo, ǹ bá mọ ibi tí mo dúró.

Mo sunkún nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wọn lọ́pọ̀ ìgbà. Bẹ́ẹ̀ sì ni, mo fẹ́ràn obìnrin náà. Ìgbà tí wọ́n bá rí i pé Tòmíwá ti dé láti ilé ìwé, wọ́n á gba ibì kan sílẹ̀ fún un ní ìkángun tábìlì wọn, wọ́n á bá a wo iṣẹ́ àṣetiléwá, wọ́n á gé búrẹ́dì àti ṣokoléètì fún un. Tòmíwá ń pè wọ́n ní nonna, ìyá àgbà. Èmi bá a wí, Signora ní kí n fi ọmọ sílẹ̀.

Òfin kan wà tí wọ́n fi kọ́ mi ju gbogbo òfin lọ. Àwọn ará ìgbà kan ní irú pẹ́ńsù kan tí wọ́n fi ń kọ lẹ́tà. Bí ó bá gbẹ, ṣe ló dúdú fẹ́ẹ́rẹ́ bíi pẹ́ńsù lásán. Bí omi bá kàn án báyìí, ó di àwọ̀ àlùkò, á sì tú sí gbogbo ojú ewé, ó parí. Signora fi àmì kékeré kan hàn mí, ibi tí ọ̀rinrin ti kan irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀, tó ti yọ àlùkò bí orí abẹ́rẹ́.

"Bí o bá rí èyí, Mola, omi ò gbọdọ̀ sún mọ́ ọn. Bí Póòpù bá tiẹ̀ ní kí o fọ̀ ọ́, sọ fún un pé rárá."

Mo ní mo ti gbọ́.

Ọdún karùn-ún ni Baba Onorevole wọ bottega wa. Onorevole ni orúkọ oyè tí wọ́n ń pe aṣòfin nílẹ̀ yìí. Bàbá náà ti kú tipẹ́tipẹ́, àpótí lẹ́tà wọn mẹ́rin ló wọlé. Ọmọ ọmọ wọn, Signora Piera, ló kó wọn wá, olùkọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ̀yìn tì ni, láti ìlú kékeré kan lẹ́bàá Novara, níbi tí oko ìrẹsì pọ̀ sí. Omi ti wọ yàrá abẹ́ ilé wọn, ó ti bo àwọn àpótí náà mọ́lẹ̀. Lẹ́tà inú wọn ti lẹ̀ mọ́ra, wọ́n dà bí bíríkì.

Signora Piera ò fi ọ̀rọ̀ náà pa mọ́ fún wa. Wọ́n jókòó, wọ́n mu kọfí, wọ́n ní: "Ìlú mi pe bàbá màmá mi ní ọ̀dàlẹ̀. Àwọn obìnrin tó ń fa koríko nínú oko ìrẹsì fẹ́ kí iṣẹ́ òòjọ́ mọ ní wákàtí mẹ́jọ. Bàbá àgbà ṣèlérí fún wọn. Nígbà tí ọjọ́ pé nílé aṣòfin ní Roma, Bàbá àgbà nawọ́ sí wákàtí mẹ́sàn-án. Àwọn èèyàn ní àwọn onílẹ̀ ló ra wọ́n. Bàbá àgbà sọ ìdìbò tó tẹ̀ lé e nù, wọ́n padà sídìí iṣẹ́ olùkọ́, wọn ò fọhùn lórí ọ̀rọ̀ náà títí wọ́n fi kú. Ìgbà tí ikú dé ni wọ́n tó sọ fún màmá mi pé ìdáhùn wà nínú lẹ́tà kan tí àwọn obìnrin náà kọ. Màmá mi bẹ̀rù láti wá a. Èmi fẹ́ wá a, omi ti gba iwájú mi."

Wọ́n wo Signora Ornella. "Ọmọ ilé ìwé ni mí tí wọ́n ti ń pè mí ní ọmọ ọ̀dàlẹ̀. Mo di olùkọ́ wọn, mo ń kọ́ àwọn ọmọ wọn ní a-b-d, wọ́n ṣì ń sọ ọ́ lẹ́yìn mi. Ẹ bá mi wá lẹ́tà yẹn."

A bẹ̀rẹ̀. Ọ̀bẹ eegun pẹlẹbẹ ni a fi ń ya wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń bó awọ ẹyin. Mo sọ fún Signora pé mi ò lè máa pe àgbàlagbà bẹ́ẹ̀ lórúkọ lásán, Baba Onorevole ni màá máa pè wọ́n. Wọ́n kọ́kọ́ wò mí bí aṣiwèrè. Kò tó oṣù méjì tí àwọn náà fi ń wọlé láàárọ̀ tí wọ́n á ní, "Báwo ni Baba lónìí?"

Ẹ̀yin ọmọ yìí, mo mọ bàbá yẹn ju bí mo ṣe mọ àwọn ẹ̀gbọ́n bàbá mi lọ. Ẹni tó ń ṣọ́ omi tí wọ́n ń darí sínú oko ìrẹsì ló bí wọn. Wọ́n kàwé dolùkọ́, ìlú fi wọ́n ṣe aṣòfin. Nígbà náà, wọn kì í san owó oṣù fún aṣòfin, ìwé ọkọ̀ ojú irin ọ̀fẹ́ nìkan ni wọ́n ń fún wọn. Bàbá á di búrẹ́dì àti wàràkàṣì sínú aṣọ láti ilé, ó di Roma. Àwọn èèyàn ń kọ̀wé sí wọn: ẹni yìí ń wá iṣẹ́ ní pósítọ́fíìsì fún ọmọ rẹ̀, ẹni yẹn ò fẹ́ kí wọ́n mú ọmọ òun lọ sógun. Opó kan ní màálù òun kú, ṣé ilé aṣòfin ò lè rí nǹkan ṣe sí i? Ẹ ò ní gbà á gbọ́, ojú ewé méjì ni Bàbá fi fèsì fún ìyá màálù! Mo rẹ́rìn-ín títí, omi fẹ́rẹ̀ẹ́ jáde lójú mi. Èmi tí mo mọ irú àwọn aṣòfin tí a ní nílé, mo wo ẹ̀dà ojú ewé méjì yẹn tí Bàbá tọ́jú, ìfẹ́ bàbá wọ̀ mí lọ́kàn.

Inú lẹ́tà wọn náà ni mo ti kọ́ èdè Ítálì tó dán. Ìyẹn kó mi sí wàhálà. Mo lọ gba permesso di soggiorno, ìwé ìgbélùú wa, lọ́dọ̀ àwọn ọlọ́pàá, mo dé iwájú gíláàsì, mo tẹrí ba, mo ní, "Ọlọ́lá jùlọ, mo fi ìrẹ̀lẹ̀ gbé ẹ̀bẹ̀ mi síwájú yín." Bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ sí Baba Onorevole nìyẹn. Ọlọ́pàá náà pe àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá pé kí n tún un sọ. Mo tún un sọ. Ìwé mi yára jáde ju ti gbogbo èèyàn lọ.

Wàyí o, ẹ gbọ́ ohun tí mo ṣe.

Lọ́jọ́ kan, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì láti Padova wá wo bí Signora ṣe ń ṣiṣẹ́. Wọ́n tó mẹ́wàá, wọ́n yí tábìlì ká pẹ̀lú ìwé àkọsílẹ̀ wọn. Signora Ornella wọ épírọ́ọ̀nù tuntun. Wọ́n bu omi sínú agbada, wọ́n ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wo bí wọ́n ṣe ń fọ ìdọ̀tí kúrò lára lẹ́tà. Wọ́n na ọwọ́ sí àwọn tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ yà sọ́tọ̀, wọ́n mú ọ̀kan.

Mo rí lẹ́tà náà. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ kún fún àmì àgbélébùú kéékèèké, irú èyí tí àwọn tí kò mọ̀wé kọ fi ń bọ́wọ́ lùwé, orúkọ obìnrin sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo mọ̀ pé òun nìyí. Mo tún wò ó, mo rí àlùkò ní igun rẹ̀, kékeré báyìí, bí orí abẹ́rẹ́; àárín bíríkì ló wà, igun yẹn nìkan ni omi dé.

Mo la ẹnu. Mo pa á dé.

Ẹ̀yin tí wọ́n bí síbí, ẹ lè má mọ ohun tó pa ẹnu mi dé. Nígbà tí mo wà ní kékeré, pásítọ̀ wa ka ẹsẹ Bíbélì kan, ó ṣì í kà. Mo dìde láàárín ìjọ, mo ní, "Bẹ́ẹ̀ kọ́ ló wà níbẹ̀, sà." Ìyá mi fi ìfọ́tí gbà mí jókòó. Nígbà tí a délé, wọ́n ní ẹni tó bá dójú ti àgbà níwájú àlejò, kò sí ibi tí wọ́n ti lè kọ́ irú rẹ̀. Ó wọ̀ mí lára. Signora wà níwájú mi yìí, ẹni tó kọ́ mi, níwájú àlejò mẹ́wàá. Mo sọ nínú ara mi pé: àgbà ni wọ́n, ohun tí mo rí, wọ́n ti rí i, wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń ṣe.

Wọ́n tẹ́ lẹ́tà náà sínú omi, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Ó kọ́kọ́ dà bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. Lẹ́yìn náà ni àlùkò bẹ̀rẹ̀ sí í jáde láti inú ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, ó ń tàn kálẹ̀, ó bo bébà, ó bo omi. Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kígbe. Signora ò kígbe. Wọ́n gbé e jáde, ó ti pẹ́ jù. Ọwọ́ wọn di àlùkò dé ọrùn ọwọ́.

Nígbà tí àwọn àlejò lọ tán, wọ́n jókòó. Wọ́n ní, "Ojú mi ni, Mola. Ó ti tó ọdún kan tí àárín rẹ̀ ti ń ṣú. Mo ń fi pamọ́." Wọ́n gbójú sókè. "Ìwọ, o ò rí i?"

Ibí yìí ló yẹ kí n sọ̀rọ̀. Mo ní, "Rárá, Signora. Mi ò rí i."

Wọ́n kọ̀wé sí Signora Piera lọ́jọ́ náà pé àwọn fọwọ́ ara àwọn ba lẹ́tà náà jẹ́. Signora Piera wọ ọkọ̀ ojú irin wá. Wọn ò bínú, ìyẹn ló burú níbẹ̀. Wọ́n wo bébà àlùkò náà, wọ́n ní, "Ọ̀dàlẹ̀ náà ni wọ́n á máa jẹ́ nìyẹn." Wọ́n kó àwọn lẹ́tà tó kù lọ. Wọ́n ní kí a sun èyí níná. Mi ò sun ún. Mo tẹ́ ẹ sáàárín pátákó méjì, mo gbé e lọ sílé, abẹ́ àwọn aṣọ òkè mi ló wà.

Kò pẹ́ tí Signora Ornella ti bottega pa. Àwọn tó ń gbé iṣẹ́ wá ti gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, ojú wọn sì ń burú sí i. Wọ́n kó gbogbo irin iṣẹ́ wọn fún mi, láìgba kọ́bọ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin, mo sunkún. Wọ́n rò pé ìdùnnú ni.

Mo ṣe iṣẹ́ ẹrù dídì ní Novara fún ọdún méjì kí iyàrá iṣẹ́ ìtọ́jú ìwé kan tó gbà mí ní Torino. Ibẹ̀ ni mo wà títí mo fi fẹ̀yìn tì. Irin iṣẹ́ ń yí padà lójú mi. A ní àpótí tó ń mú ọ̀rinrin wọ bébà díẹ̀díẹ̀ láìfi omi kàn án. A ní tábìlì tó ń fa omi láti ìsàlẹ̀. Kọ̀ǹpútà dé, àwọn ọmọ tó ń wọlé ń ra lẹ́ẹ̀ inú ìgò, èmi ṣì ń se tèmi, wọ́n ń pè é ní lẹ́ẹ̀ Mola. Mo kọ́ ọ̀pọ̀ wọn níṣẹ́. Mo le bíi Signora, mo jẹ́wọ́. Òfin kan ni mo fi kún tiwọn: bí ẹ bá rí i tí mò ń ṣàṣìṣe, ẹ gbá ọwọ́ mi. Wọ́n rò pé àwàdà ni.

Kí n tó fẹ̀yìn tì ni wọ́n rán mi lọ sí Padova, kí n lọ wo kámẹ́rà tuntun kan. Ta ni mo bá nídìí kámẹ́rà náà? Ọmọ Yorùbá! Títílayọ̀ lorúkọ rẹ̀, Títí ni wọ́n ń pè é, ọmọ Iléṣà, ó ti gboyè ọ̀mọ̀wé níbẹ̀. Bó ṣe rí mi, ó kúnlẹ̀ láàárín àwọn òyìnbó, ó ní, "Ẹ kú ìrìn àjò, mà." Orí mi wú. Ó ṣàlàyé fún mi pé ìmọ́lẹ̀ kan wà tí ojú èèyàn ò lè rí, tí kámẹ́rà náà ń lò. Ó ní àwọ̀ kan wà tí ìmọ́lẹ̀ yẹn máa ń kọjá lára wọn bí ẹni pé wọn ò sí, á sì rí ohun tó wà nísàlẹ̀.

"Bí àlùkò ńkọ́?" mo ní.

"Àlùkò báwo, mà?"

"Ti pẹ́ńsù àtijọ́. Tó ti wọ omi."

Ó ronú. "Èédú inú pẹ́ńsù yẹn kì í tú sómi, mà. Àwọ̀ rẹ̀ nìkan ló ń tú. Ẹ gbé e wá ká wò ó."

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo gbé pátákó méjì yẹn sáyà nínú ọkọ̀ ojú irin láti Torino dé Padova, mi ò jẹ́ kó kan ìjókòó. Títí tẹ́ lẹ́tà náà sábẹ́ kámẹ́rà, ó pa iná. Àlùkò náà poora lójú kọ̀ǹpútà. Ọ̀rọ̀ jáde, wínníwínní, ṣùgbọ́n ó jáde. Mo di ọwọ́ Títí mú, mo kà á:

"Onorevole, wákàtí mẹ́jọ ni a jọ sọ, òun náà lọ́kàn wa wà. Ṣùgbọ́n àwọn onílẹ̀ ò gbà, wọ́n sì ti ń kó àwọn ẹlòmíràn wá sínú oko. Kò sí búrẹ́dì nílé. Àwọn ọmọ ò lè dúró mọ́. Ẹ bá wa gba mẹ́sàn-án. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni pé àwa la bẹ̀ yín, torí àwọn ẹgbẹ́ wa tó wà lẹ́wọ̀n nítorí mẹ́jọ ò ní dárí jì wá."

Háà! Baba mi! Wọ́n gbé orúkọ ọ̀dàlẹ̀ wọ sàréè, kí ojú má baà ti àwọn obìnrin yẹn. Mo ké bí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Títí náà ń ké, kò tiẹ̀ mọ ẹni tí à ń ké fún.

Mo kọ́kọ́ lọ bá Signora Ornella ní ilé àwọn arúgbó tí wọ́n wà, ní Saluzzo. Wọn ò ríran mọ́ rárá. Mo kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga wọn, mo ka lẹ́tà náà fún wọn. Lẹ́yìn náà ni mo ní, "Mo rí àlùkò yẹn lọ́jọ́ náà, Signora. Kí ẹ tó tẹ́ ẹ sómi. Mo rí i, mo dákẹ́, mo sì tún purọ́ fún yín."

Wọ́n yí orí sí ibi tí ohùn mi wà.

"Kí ló dé tí o ò gbá ọwọ́ mi?"

"Mo ń bọ̀wọ̀ fún yín ni."

"Ọ̀wọ̀!" Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ kí wọ́n pariwo nìyẹn, nọ́ọ̀sì yọjú. "Láti ọjọ́ yìí wá ni mo ti ń rò pé ọwọ́ mi nìkan ló pa lẹ́tà yẹn. O jẹ́ kí n máa dá gbé e, Mola!" Wọ́n wá ọwọ́ mi, wọ́n rí i, wọ́n gbá a, ó dùn mí dáadáa. Wọn ò sì fi í sílẹ̀ mọ́. Wọ́n ní, "Ó ku Piera. Lọ sọ fún òun náà, ìwọ fúnra rẹ."

Signora Piera ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún. Etí wọn ṣì gbọ́ kedere, ojú wọn ló ti rẹ̀. Mo ka lẹ́tà náà fún wọn nílé wọn, láti inú àwòrán tí Títí tẹ̀ fún mi. Wọ́n ní kí n tún un kà. Wọ́n fi áńkáṣíìfù nu ojú, wọ́n sì ká àwòrán náà mẹ́rin.

"Ó tó," wọ́n ní. "Èmi ti mọ̀, ó tó mi. Bàbá àgbà pa á mọ́ fún wọn. Èmi náà á pa á mọ́."

Wọ́n ṣí dúrọ́ọ̀ wọn láti tì í síbẹ̀. Àgbà ni wọ́n, ilé wọn la wà, ọ̀rọ̀ ẹbí wọn sì ni. Gbogbo ohun tí ìyá mi kọ́ mi ń sọ pé kí n ní, "Ó dáa, mà," kí n wá ọ̀nà ilé mi.

"Rárá, Signora," mo ní. "Ẹ̀ ń ṣe àṣìṣe."

Wọ́n dúró.

"Àwọn tó kọ lẹ́tà yìí ti kú. Àwọn tó wà lẹ́wọ̀n náà ti kú. Kò sí ẹni tí ìdákẹ́jẹ́ yìí ń bò láṣìírí mọ́. Bàbá nìkan ló ń pa lára, àti ẹ̀yin. Èmi tí mò ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí, mo rí i lọ́jọ́ tí lẹ́tà yìí ń wọ omi, mo dákẹ́, mo pè é ní ọ̀wọ̀. Ẹ wo iye ọdún tí mo gbà lọ́wọ́ yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ti dúrọ́ọ̀ yẹn."

"Ìwọ rí i?"

"Mo rí i, mà."

Wọ́n mú ọwọ́ kúrò lára dúrọ́ọ̀. "Ó yẹ kí n lé ẹ jáde nínú ilé mi."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ohùn mi ò lọ sókè mọ́. Ta ló máa kà á fún àwọn ará ìlú?"

"Èmi ni."

Nínú gbọ̀ngàn ilé ìkàwé ìlú wọn ni a ti kà á, ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan. Títí wá láti Padova, ó gbé àwòrán lẹ́tà náà sójú ògiri, ńlá. Gbọ̀ngàn kún, àwọn arúgbó ló pọ̀ jù, ọ̀pọ̀ wọn ló jẹ́ pé Signora Piera ló kọ́ wọn lálífábẹ́ẹ̀tì. Signora Piera jókòó síwájú lórí àga onítáyà wọn, wọn ò wo ẹnikẹ́ni. Mo wọ ìró àti bùbá mi, mo dìde, mo ka lẹ́tà àwọn obìnrin náà pẹ̀lú ohùn Ògbómọ̀ṣọ́ mi yìí. Mo ka orúkọ wọn, àgbélébùú kọ̀ọ̀kan, títí mo fi dé ìsàlẹ̀.

Nígbà tó yá, bàbá kan dìde láàárín. Gino ni wọ́n ń pè é, ó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe nílùú náà. Ó na ọwọ́ sí ògiri. "Àgbélébùú kẹta yẹn, ìyá ìyá mi nìyẹn." Ó rìn wá síwájú, fìlà rẹ̀ wà lọ́wọ́, ó dúró níwájú àga Signora Piera bí ọmọ iléèwé. Wúyẹ́wúyẹ́ ló ń sọ̀rọ̀. Ó ní ohun tí wọ́n ń sọ nílé wọn nípa Onorevole láti ọjọ́ yìí, òun náà ń sọ ọ́, òun fi kọ́ àwọn ọmọ òun, kí maestra, olùkọ́ òun, jọ̀ọ́, kí wọ́n má bínú.

Signora Piera gbójú sókè, wọ́n wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. Wọ́n gbá apá àga wọn lẹ́ẹ̀kan.

"Gino, nàró. Sọ ọ́ sókè, kí àwọn tó wà lẹ́yìn lè gbọ́."